Tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ jù kọ́ ló ń jẹ́ kí ojú ríran jù

Ní alẹ́ ọjọ́ kan nínú oṣù Ọ̀wàrà ọdún tó kọjá, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi jókòó sí ẹnu ọ̀nà ahéré bàbá wa lójú ọ̀nà Ìfẹ̀tẹ̀dó, a ń la kóró kòkó wò. Kòkó náà ti gbẹ, ó ti wà nínú àpò, ṣùgbọ́n ẹni tí yóò rà á ń bọ̀ ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, a sì fẹ́ mọ irú ọjà tó wà lọ́wọ́ wa kí ó tó wá fi ẹnu tirẹ̀ sọ ọ́ fún wa. Ẹni tó bá ń ṣe kòkó mọ bí wọ́n ṣe ń wò ó: a ó fi ọ̀bẹ la kóró sí méjì, a ó sì yẹ inú rẹ̀ wò. Èyí tí a bò lábẹ́ ewé ọ̀gẹ̀dẹ̀ fún iye ọjọ́ tó yẹ yóò ní àwọ̀ igi nínú, èyí tí a kánjú kó jáde yóò ní àwọ̀ elésè àlùkò, èyí tí a kò sì bò rárá yóò rí bí síléètì tí àwọn ọmọ iléèwé ń kọ̀wé sí láyé àtijọ́.

Kóró 50 ni mo là. Tọ́ọ̀ṣì tuntun tí mo rà ní Lágéré ni mo gbé sórí àpótí kí ó lè tàn sí wọn, ó funfun báláú, ó sì mọ́lẹ̀ débi pé gbogbo àgbàlá ahéré náà dà bí ọ̀sán. Mẹ́rin péré ni mo rí tó ní àwọ̀ àlùkò, inú mi sì dùn. Ẹ̀gbọ́n mi kò sọ nǹkan kan. Wọ́n wọ inú ahéré lọ, wọ́n mú tọ́ọ̀ṣì onírin bàbá wa jáde, èyí tó ń lo bátìrì ńlá méjì àti gílóòbù tí kò tóbi tó orí ìka, wọ́n ní, “Pa tìẹ yẹn ná.” Iná tiwọn pọ́n rẹ́súrẹ́sú bí iná àtùpà, ó ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ti gbé e sún mọ́ àwọn kóró náà, àwọ̀ igi dá yàtọ̀ gedegbe, àwọ̀ àlùkò náà dá yàtọ̀. Mọ́kànlá ni a kà. Nígbà tí oòrùn là ní ọjọ́ kejì, a tún wọn kà, wọ́n jẹ́ méjìlá.

Ọ̀rọ̀ náà kò kúrò lọ́kàn mi. Gílóòbù inú irú tọ́ọ̀ṣì ayé àtijọ́ bẹ́ẹ̀ kì í sábà mú ju lumen 15 tàbí 20 jáde (lumen ni òṣùwọ̀n gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó ń jáde), tèmi sì ń mú ọgọ́rọ̀ọ̀rún jáde, síbẹ̀ tèmi ni ó fi òtítọ́ pa mọ́ fún mi. Láti ìgbà náà ni mo ti ń yẹ tọ́ọ̀ṣì wò bí ẹni ń yẹ irúgbìn wò kí ó tó gbìn ín, nítorí a kò lè yẹra fún un ní Ilé-Ifẹ̀ níbí, níbi tí iná mànàmáná lè lọ nígbà tí a kò ronú rẹ̀, tí ọ̀nà oko sì ṣókùnkùn títí ilẹ̀ yóò fi mọ́.

Àwọ̀ ni mo kọ́kọ́ wádìí. Ẹ wo iwájú tọ́ọ̀ṣì LED yín, irú ti òde òní tí kì í lo gílóòbù, nígbà tí ẹ bá ti pa á, ẹ ó rí ohun kékeré kan níbẹ̀ tó pọ́n rúsúrúsú bí ẹyin tí a sè. Lẹ́búlẹ́bú kan ni wọ́n fi bo LED náà, ohun tó sì ń tàn lábẹ́ rẹ̀ kì í ṣe iná funfun rárá, iná búlúù ni. Torí LED búlúù yìí ni Isamu Akasaki, Hiroshi Amano àti Shuji Nakamura ṣe gba ẹ̀bùn Nobel nínú ẹ̀kọ́ físíìsì ní ọdún 2014, ó sì tọ́ sí wọn, nítorí láìsí búlúù kò sí bí LED ṣe lè tan iná funfun sínú ilé wa. Lẹ́búlẹ́bú náà máa ń gba díẹ̀ nínú búlúù yẹn, yóò sọ ọ́ di àwọ̀ ìyeyè, ìyókù búlúù yóò gba inú rẹ̀ kọjá, ojú wa yóò sì pa méjèèjì pọ̀, yóò pè é ní funfun. Ṣùgbọ́n nínú funfun tó wọ́pọ̀ jù lọ lọ́jà, pupa inú rẹ̀ kéré gan-an. Ohun pupa kò sì lè hàn ní pupa bí kò bá sí pupa nínú iná tó tàn sí i. Ìdí nìyẹn tí àwọ̀ igi, tó jẹ́ pupa àti ìyeyè tó ṣókùnkùn, àti àwọ̀ àlùkò, tó jẹ́ pupa àti búlúù, ṣe jọ di ohun dúdú kan náà lábẹ́ tọ́ọ̀ṣì mi.

Òṣùwọ̀n méjì ni àwọn tó ń ṣe tọ́ọ̀ṣì ń lò fún ọ̀rọ̀ àwọ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn sì máa ń pò wọ́n mọ́ ara wọn. Èkíní ni Kelvin, tó ń sọ bóyá iná náà pọ́n tàbí ó fẹ́ rí bíi búlúù. Iná àbẹ́là wà ní nǹkan bíi 1,900, gílóòbù àtijọ́ wà ní bíi 2,700, oòrùn ọ̀sán gangan wà ní bíi 5,500, ọ̀pọ̀ tọ́ọ̀ṣì olówó pọ́ọ́kú sì wà ní 6,500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Bí nọ́ńbà yìí bá ṣe ń ga sí i ni iná ń tutù lójú sí i. Èkejì ni CRI, tó ń sọ bí iná náà ṣe ń jẹ́ olóòótọ́ sí àwọ̀ ohun tó tàn sí, 100 sì ni òpin rẹ̀. Gílóòbù àtijọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan 100, LED lásán máa ń wà ní àyíká 70, èyí tí wọ́n ṣe dáadáa sì máa ń tó 90 tàbí kí ó kọjá rẹ̀. Kódà, nọ́ńbà CRI yìí lè tan ènìyàn jẹ, nítorí àwọ̀ mẹ́jọ tí kò le lójú ni wọ́n fi ń ṣírò rẹ̀, pupa tó pọ́n gan-an kò sí lára wọn. Pupa ní òṣùwọ̀n tirẹ̀ lọ́tọ̀ tí wọ́n ń pè ní R9, òun sì ni èmi máa ń wá báyìí bí wọ́n bá kọ ọ́ sára páálí.

Kì í ṣe oníkòkó nìkan ni ọ̀rọ̀ yìí kàn. Oníṣẹ́ iná tó ń ṣiṣẹ́ nínú ilé àtijọ́ ní agbègbè Sábó yóò bá wáyà pupa àti dúdú tí wọ́n ń lò nígbà náà, yóò sì bá aláwọ̀ igi àti búlúù tí wọ́n ń lò nísinsìnyí nínú ògiri kan náà. Bí iná ọwọ́ rẹ̀ kò bá fi pupa hàn yàtọ̀ sí àwọ̀ igi, ẹ̀mí ló fi ń ṣeré yẹn. Ẹni tó fẹ́ yọ ẹ̀gún tàbí àfọ́kù ìgò kúrò ní ẹsẹ̀ ọmọ lóru náà nílò iná tí yóò fi ẹ̀jẹ̀ hàn bí ẹ̀jẹ̀. Bí ẹ bá lọ ra tọ́ọ̀ṣì, ẹ mú ata rodo tó pọ́n kan dání, kí ẹ sì ní kí ọlọ́jà jẹ́ kí ẹ wọ ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù níbi tó ṣókùnkùn. Ẹ tan iná náà sí ata, kí ẹ sì tàn án sí àtẹ́lẹwọ́ yín. Bí ata bá ṣú, tí àtẹ́lẹwọ́ yín sì funfun bí ti ẹni tí ara rẹ̀ kò yá, ẹ fi sílẹ̀ fún un.

Bí iná ṣe ń kóra jọ tàbí tú ká ni ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e, òun ló sì ń dá àríyànjiyàn sílẹ̀ jù láàárín àwa àti àwọn tó ń tajà. Lumen ni gbogbo ìmọ́lẹ̀ tó jáde lẹ́nu tọ́ọ̀ṣì, candela sì ni bí ìmọ́lẹ̀ náà ṣe le tó ní ojú kan. Garawa omi kan ni garawa omi kan: bí ẹ bá dà á sí ìdí igi kan ṣoṣo, yóò rin dé gbòǹgbò, bí ẹ bá wọ́n ọn káàkiri ebè mẹ́wàá, yóò kàn fi ọ̀rinrin kan ojú ilẹ̀ ni. Ìwọ̀n omi kò yí padà. Bí ìmọ́lẹ̀ bá sì ṣe ń jìnnà náà ló ń tẹ́ sílẹ̀, débi pé bí a bá lọ sí ìlọ́po méjì ibi tí a wà, ìdá kan nínú mẹ́rin rẹ̀ ló kù.

Mo fẹ́ fi ojú ara mi rí i, nítorí náà mo gba áàpù tó ń ka lux, ìyẹn bí ìmọ́lẹ̀ tó bọ́ sójú kan ṣe pọ̀ tó, sórí fóònù mi, mo gbé fóònù náà ti ògiri ní ìpẹ̀kun ọ̀dẹ̀dẹ̀ wa, mo sì wọn mítà 5 síwájú rẹ̀. Fóònù kì í ṣe ẹ̀rọ ìwọnná gidi, ṣùgbọ́n ó tó láti fi tọ́ọ̀ṣì kan wé èkejì. Ìṣirò rẹ̀ kò le: ẹ fi iye mítà sọ lux tí ẹ rí di púpọ̀, kí ẹ sì tún fi iye mítà náà sọ èsì rẹ̀ di púpọ̀, candela nìyẹn. Tọ́ọ̀ṣì Lágéré, èyí tí à ń fa orí rẹ̀ síwájú kí iná lè kóra jọ, fún mi ní lux 400 nígbà tí mo fà á tán, èyí tó túmọ̀ sí candela 10,000. Nígbà tí mo tì í padà kí iná lè tú ká, bátìrì kan náà, LED kan náà, ó já wálẹ̀ sí lux 12, candela 300 péré. Tọ́ọ̀ṣì bàbá wa ní lux 16, ìyẹn 400. Mo tún un wọ̀n lẹ́ẹ̀mẹta torí ó yà mí lẹ́nu: tọ́ọ̀ṣì tí lumen rẹ̀ kò ju bíi 15 lọ ń ju iná jìnnà ju ti tuntun lọ, nígbà tí iná ti tuntun bá tú ká.

Ìlànà kan wà tí wọ́n gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2009, ANSI FL1 ni orúkọ rẹ̀, òun ló ń sọ bí a ṣe ń ka ibi tí iná tọ́ọ̀ṣì dé. Ó ní kí a ka ibi tí ìmọ́lẹ̀ ti kù bíi ti òṣùpá àrànmọ́jú, ìyẹn lux 0.25. A ó wá gbòǹgbò candela, ìyẹn nọ́ńbà tí a fi sọ ara rẹ̀ di púpọ̀ tó fi di candela náà, a ó sì sọ ọ́ di ìlọ́po méjì. Nítorí náà candela 10,000 yóò dé mítà 200, candela 400 yóò sì dé mítà 40. Ẹ ṣáà rántí pé ohun tí ènìyàn lè dá mọ̀ lábẹ́ òṣùpá kò pọ̀. Èmi máa ń pín nọ́ńbà yẹn sí méjì kí n tó gbẹ́kẹ̀ lé e.

Fífa orí tọ́ọ̀ṣì síwájú náà ní àléébù tirẹ̀. Ẹ tàn án sí ògiri, ẹ ó rí i pé ohun onígun mẹ́rin kan ló hàn níbẹ̀. Àwòrán LED náà fúnra rẹ̀ ni dígí iwájú gbé sórí ògiri. Púpọ̀ nínú ìmọ́lẹ̀ tó yẹ kí ó jáde ló ti kọlu inú irin, ẹ̀gbẹ́ ọ̀tún àti òsì sì ṣókùnkùn biribiri. Tọ́ọ̀ṣì tó ní abọ́ dídán nínú, bíi ti bàbá wa, kì í ṣe bẹ́ẹ̀: ó ní ojú kan tó le láàárín, ìmọ́lẹ̀ fẹ́ẹ́rẹ́ sì yí i ká.

Àbúrò bàbá mi tó jẹ́ ọdẹ ló là mí lóye lórí èyí. Nígbà èwe wọn, àtùpà kábáídì ni wọ́n fi ń ṣọdẹ, èyí tí omi máa ń kán sórí òkúta kábáídì nínú rẹ̀ tí gáàsì rẹ̀ sì ń jó. LED ni wọ́n ń lò báyìí, ṣùgbọ́n iwájú orí náà ni wọ́n ṣì ń so ó mọ́. Mo bi wọ́n pé, “Ẹ̀yin bàbá, kí ló dé tí ẹ kì í fi mú un lọ́wọ́?” Wọ́n ní, “Bí iná bá wà lọ́wọ́ mi, ojú ẹran kò ní dá mi lóhùn.” Òótọ́ pọ́ńbélé ni. Ẹ̀yìn ojú ẹtu àti ọ̀pọ̀ ẹranko tó ń rìn lóru ní awọ kan tó ń dán bíi dígí, ìmọ́lẹ̀ tó bá sì kàn án máa ń padà sí ibi tó ti wá gan-an. Bí iná bá wà ní iwájú orí, ẹ̀gbẹ́ ojú ọdẹ ni ìdáhùn náà yóò padà sí, yóò sì rí i láti òkèèrè. Bí ó bá wà ní ìbàdí, ìbàdí ni púpọ̀ rẹ̀ yóò padà sí.

Wọ́n sì fi ohùn líle kún un pé ojú tó tàn kò tó láti yìnbọn sí. Ojú ewúrẹ́ aládùúgbò náà ń tàn. Ojú ènìyàn ní tirẹ̀ kò ní awọ yẹn, kì í dáhùn, nítorí náà ẹni tó bá ń retí kí ojú tàn kí ó tó mọ̀ pé ènìyàn wà nínú igbó yóò ṣìṣe. Ọdẹ nílò iná tó jìnnà, ó sì nílò ìmọ́lẹ̀ ẹ̀gbẹ́ tó pọ̀ tó láti rí ara ẹran láti orí dé ìrù, kí ó sì mọ ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Nítorí èyí, bí ẹnikẹ́ni bá bi mí, tọ́ọ̀ṣì alábọ́ dídán ni n ó sọ pé kí ọdẹ rà.

Iná iwájú orí tó dára fún ọdẹ yìí kò dára fún ẹni tó kàn ń rin ọ̀nà oko lọ. Ojú ejò kì í tàn bíi ti ẹtu, ìrísí ara rẹ̀ àti òjìji rẹ̀ ni a fi ń mọ̀ ọ́n. Bí iná bá ti iwájú orí wá, gbogbo òjìji máa ń bọ́ sí ẹ̀yìn ohun tó ni ín, ojú kì í rí wọn, ilẹ̀ yóò sì tẹ́ pẹrẹsẹ bí ẹní: kòtò, gbòǹgbò àti paramọ́lẹ̀ tó ká sínú ewé gbígbẹ yóò jọ ara wọn. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì lọ́wọ́, kí ẹ gbé e wálẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ itan, kí ẹ sì tàn án síwájú, ẹ ó rí i pé gbogbo ohun tó ga lórí ilẹ̀ yóò na òjìji rẹ̀ gbọọrọ. Fún èyí, lumen 50 sí 100 tó tú ká, tó pọ́n díẹ̀, ti tó. Àwọ̀ tó pọ́n náà ló ń fi ewé gbígbẹ hàn yàtọ̀ sí ara ejò, ó sì tún dín kòkòrò tó ń fò wá bá iná kù, nítorí búlúù ló ń fà wọ́n jù.

Ní ìdájí ìgbà ọyẹ́, tàbí nígbà tí kùrukùru bá bo ilẹ̀, ìsàlẹ̀ náà, ní ẹ̀gbẹ́ ìbàdí, ni ibi tó dára jù fún tọ́ọ̀ṣì. Àwọn kan gbà pé iná tó pọ́n máa ń la kùrukùru já. Kò rí bẹ́ẹ̀: ẹ̀kán omi inú kùrukùru tóbi ju kí ó mọ búlúù yàtọ̀ sí pupa lọ. Bákan náà ló ń dá gbogbo wọn padà. Ohun tó ń bo ojú ni pé iná náà sún mọ́ ojú jù, tí ìmọ́lẹ̀ tó padà sì ń wọ inú rẹ̀ tààrà.

Ọ̀rọ̀ nọ́ńbà ńláńlá tó wà lára páálí kò yẹ kí ó gba àkókò púpọ̀, ṣùgbọ́n ó ń jẹ owó àwọn ènìyàn wa. Mo rí páálí kan tí wọ́n kọ lumen 100,000 sí, bátìrì 18650 kan ṣoṣo ló sì wà nínú rẹ̀, èyí tó fẹ̀ ní mílímítà 18 tó sì gùn ní 65. Bátìrì bẹ́ẹ̀ tó jẹ́ 3.7 volt àti 2,600 mAh (mAh ni òṣùwọ̀n iná tó lè kó pamọ́) kò ní ju watt-hour 9.6 lọ nínú, ìyẹn ohun tó tó láti lo watt 9.6 fún wákàtí kan. LED tó dára máa ń mú bíi lumen 100 jáde nínú watt kan. Lumen 100,000 yóò nílò watt 1,000, bíi ti áyọ́ọ̀nù tí a fi ń lọ aṣọ, bátìrì náà ì bá sì tán láàárín ìṣẹ́jú àáyá 35. Lumen 1,000 fún wákàtí kan ni ó lè ṣe gan-an, kódà ooru kì í jẹ́ kí ó pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Bátìrì tí wọ́n bá kọ 9,900 mAh sí lára irú èyí, irọ́ ni. Èyí tó dára gan-an wà ní àyíká 3,500. Ojú wa pàápàá kì í ka ìlọ́po méjì sí ìlọ́po méjì. Ó máa ń tó bí ìlọ́po mẹ́rin kí a tó gbà pé iná kan mọ́lẹ̀ tó méjì èkejì.

Ilé ni mo ti ṣàṣìṣe tó dùn mí jù. Màmá wa ti dàgbà, funfun kan sì ti ń bo ẹyin ojú wọn, nítorí náà mo ra tọ́ọ̀ṣì tó mọ́lẹ̀ jù lọ fún wọn, mo rò pé bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe pọ̀ tó ni wọn yóò ṣe ríran tó. Wọ́n ní, “Ọmọ mi, iná yìí ń gbá mi lójú.” Funfun tó wà lójú wọn ni ìmọ́lẹ̀ ń kọlù, tí ó ń fọ́n ká inú ojú bí ó ti ń fọ́n ká nínú kùrukùru, kò sì jẹ́ kí wọ́n rí ohunkóhun. Mo gbà á padà. Mo fi èyí tó tú ká, tó wà ní Kelvin 2,700, rọ́pò rẹ̀, mo sì fi hàn wọ́n bí wọ́n ṣe lè gbé e dúró kí ó kọjú sí àjà ilé. Àjà náà funfun, nítorí náà ìmọ́lẹ̀ máa ń rọra sọ̀ kalẹ̀ sí gbogbo yàrá láìsí ibi kankan tó le lójú.

Fún òru gan-an, nígbà tí wọ́n bá fẹ́ dìde lọ ilé ìtọ̀, iná pupa kékeré kan ni mo wá fún wọn. Ojú ènìyàn máa ń lo tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 kí ó tó mọ òkùnkùn mọ́, iná funfun sì lè ba gbogbo rẹ̀ jẹ́ ní ìṣẹ́jú àáyá díẹ̀, ṣùgbọ́n ohun inú ojú tí a fi ń ríran lókùnkùn kì í fi bẹ́ẹ̀ ka pupa sí. Mo ṣàlàyé fún wọn pé wọn kò gbọdọ̀ fi iná yìí wá oògùn, nítorí oògùn pupa àti oògùn funfun yóò jọ ara wọn lábẹ́ rẹ̀. Mo fi okùn so ó mọ́ orí ibùsùn, ní ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì wọn, níbi tí ọwọ́ wọn ti ń bá a láìjẹ́ pé wọ́n la ojú. Tẹ́lẹ̀, wọ́n máa ń pè mí lẹ́ẹ̀mejì lóru kí n wá mú wọn lọ́wọ́. Ní báyìí, ìmọ́lẹ̀ pupa tó ń kọjá lábẹ́ ilẹ̀kùn mi ni mo fi ń mọ̀ pé wọ́n ti dìde, n ó sì dúró títí tí yóò fi kọjá padà.